Yìnyín Tí Ó Wà Lórí Òkúta

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí wa pé irọ́ ni wọ́n ń pa nípa yìnyín tí ń yọ́ ní ìpẹ̀kun ayé. Ó ní òun bu omi sínú ife níwájú àwọn ọmọ kíláàsì òun, òun ju yìnyín sí i, òun sì fa ìlà sí ibi tí omi dé. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, omi kò kúrò lórí ìlà. Báwo wá ni òkun yóò ṣe kún?

Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Òótọ́ ni ohun tí ẹ rí. Yìnyín tí ó bá léfòó lórí omi ti gba àyè tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá yọ́, kò fi nǹkan kan tí a lè rí kún un. Ṣùgbọ́n ẹ fi òkúta sínú ife náà kí orí rẹ̀ yọ síta, kí ẹ fa ìlà yín, kí ẹ wá gbé yìnyín lé orí òkúta. Bí ó ti ń yọ́, ẹ ó rí i pé omi ń gòkè.

Greenland ni òkúta náà. Erékùṣù ńlá ni, lábẹ́ ìjọba Denmark, yìnyín sì bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Níbi tí yìnyín náà ti nípọn jù, ó ju kìlómítà 3 lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, òkun yóò ga sí i ní nǹkan bí mítà 7. Ti Antarctica ní gúúsù tún jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kì í ṣe ohun ọ̀la tàbí ọ̀túnla, kí ẹnikẹ́ni má sá kúrò ní Èkó nítorí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2002 wọ́n rán ẹ̀rọ méjì lọ sójú ọ̀run, wọ́n pè wọ́n ní GRACE, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bí ìbejì, wọ́n sì ń wọn yìnyín bí ẹni gbé e sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n rí i pé Greenland ń pàdánù ju bílíọ̀nù 200 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Yìnyín yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bí ó ti ń fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń tú lára omi. Nítorí náà, òkun etí Greenland gan-an ń fà sẹ́yìn, omi náà sì ń lọ bá àwọn tí ó jìnnà, títí kan etíkun tiwa. Mo sọ èyí fún ìyá kan tí ń ta òkú Èkó. Ó mọ̀ yìnyín ju èmi lọ. Ó ní, “Àwọn tí ń dáná èédú àti epo láti ayébáyé ni wọ́n jẹ gbì. Ṣé èmi tí n kò jẹ gbì ni yóò wá kú gbì?” N kò rí èsì fún un.

Láti 1993, òkun ayé ti ga sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn ará Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti rí i tí òkun ń gbé ilé wọn lọ. Kì í ṣe yìnyín nìkan ni kí a dá lẹ́bi níbẹ̀ o, nítorí ẹrẹ̀ ni etíkun náà, ìgbì sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí ó ga sí i kì í ran irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Tíṣà, bí ẹ bá tún un ṣe pẹ̀lú òkúta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.