Oríyìn fún Àwọn Tíṣà Tó Ń Fi Hóró Ẹ̀wà Kọ́ Ọmọ

Ẹ bá wa kan sáárá sí àwọn tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó ọmọ jáde kúrò níwájú pátákó, tí wọ́n ń fi irúgbìn sí i lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó gbìn ín, kó bomi rin ín, kó máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ iyì ni, iṣẹ́ ẹ̀yẹ ni.

Topo ló sì yẹ ká dúró sí láti kí wọn. Lónìí, bí a bá dárúkọ Topo létíkun Àgbádárìgì, ASCON, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n láti 1876, nígbà tí Nàìjíríà kò tíì lórúkọ, ni àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ti ẹgbẹ́ SMA ti dá oko àti ilé-ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbin àgbọn sórí yanrìn funfun. Ìwé ń lọ, oko ń lọ. Ó ti lé ní ogóje ọdún tí etíkun wa ti mọ̀ pé ọwọ́ tó di kálàmù mú lè di ọkọ́ mú.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ wa fi kórìíra ọkọ́? Èmi mọ tèmi. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, ìyà ni oko. Ẹni tó pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ẹni tó pariwo, kó lọ kọ ebè. Ìdí nìyí tí inú mi fi ń dùn dénú sí tíṣà tó sọ oko di ẹ̀bùn fún ọmọdé.

Ẹ sáà wo hóró ẹ̀wà kan nínú agolo mílíìkì. Lọ́jọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ti fẹ́ fi ìka tú yanrìn wò. Tó bá di ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, yanrìn á sán, ọrùn funfun kan á yọ, á tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Díẹ̀díẹ̀ á nà ró, á ru hóró tó ti là sí méjì sókè bí ẹni ru ẹrù. Àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ ni hóró tirẹ̀ ń gbé. Ewé tó ká bí ẹní ló ń yọ ṣóńṣó. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó fojú ara rẹ̀ rí èyí ti kọ́ sáyẹ́ǹsì kí ó tó mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì ni.

Ìṣirò ńkọ́? Ihò mẹ́jọ, hóró mẹ́ta-mẹ́ta: mẹ́rìnlélógún. Bí mọ́kàndínlógún bá hù, mélòó ló kù? Ẹ sì gbọ́ bí èdè wa ti ń bá tíṣà ṣiṣẹ́: ogún tí a lé mẹ́rin sí, ogún tí a dín ọ̀kan kù. Àròpọ̀ àti àyọkúrò wà nínú orúkọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀! Ọmọ á fi rúlà wọn igi rẹ̀, á ya àwòrán rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “Ẹ̀wà mi ti hù.” Létíkun yìí, ọmọ kan á pe orúkọ irúgbìn ní èdè Ògù, èkejì á pè é ní Yorùbá, àwọn méjèèjì á sì kọ́ èdè ara wọn lórí agolo kan.

Àwọn aṣíwájú ti lànà. Ní Jámánì, Friedrich Froebel fún ilé-ìwé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní orúkọ tó túmọ̀ sí “ọgbà àwọn ọmọdé” ní 1840, ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀ láti dá. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà. Tíṣà tó ń sọ “gbòǹgbò” àti “ewé” fún ọmọ lédè ìyá rẹ̀, ojú ọ̀nà wọn ló ń tọ̀.

Kò sì rọrùn o. Aṣọ ọmọ á dọ̀tí, òbí kan á bínú. Ewúrẹ́ á ya wọ ọgbà. Owó àpò ara rẹ̀ ni tíṣà mìíràn fi ń ra irúgbìn. Síbẹ̀ wọn kò sinmi, wọn kò ṣàárẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ọ̀nà jíjìn!

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi agolo ránṣẹ́. Ẹ̀yin tíṣà etíkun, bí ẹ̀wà bá ti hù tán, ẹ gbin àgbọn kan pẹ̀lú. Á tó oṣù mélòó kan kó tó yọ ẹnu, ọmọ tó gbìn ín ní kíláàsì kìíní á sì ti jáde ìwé mẹ́fà kí igi náà tó so. Ọmọ mìíràn, tí kò tíì wọ ilé-ìwé lónìí, ni yóò kọ́kọ́ mu omi rẹ̀.