Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gún sórí kí irun lè hù: Ohun tó yẹ kí àwọn obìnrin Òtò mọ̀ kí wọ́n tó náwó

Kò sí obìnrin tí irun iwájú orí rẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀. Ìdí nìyí tí irun gbígbìn àti ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní PRP fi ń rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Òtò, lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry, tó kówó lé e, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Irun gbígbìn kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1952 ni Dókítà Norman Orentreich ti ṣe é ní New York. Irun ẹ̀yìn orí ni wọ́n ń ṣí lọ síbi tó pá, bí àgbẹ̀ ṣe ń lọ́ ata. Ní ti PRP, dókítà yóò fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹ̀rọ yóò yí i bíríbírí, omi ẹ̀jẹ̀ tí platelet pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì yà sọ́tọ̀. Platelet ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá bí ara bá gbọgbẹ́, ó sì ń tú èròjà tó ń mú ọgbẹ́ jinná jáde. Omi yìí ni wọn yóò gún sí awọ orí.

Ajílẹ̀ ni PRP, kì í ṣe irúgbìn. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè jẹ́ kí irun tí wọ́n gbìn tètè hù, kó sì nípọn. Àmọ́ ọ̀nà tí àwọn dókítà ń gbà pèsè rẹ̀ kò dọ́gba, nítorí náà, èrè rẹ̀ kò dájú fún gbogbo èèyàn. Níbi tí gbòǹgbò irun bá sì ti kú, tó ti di àpá, kò lè jí i.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń pa gbòǹgbò irun ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ wa kò jìnnà: irun dídì tó fún jù àti wífọ́ọ̀nù tó ń fa awọ orí. Bí wọ́n bá tètè jáwọ́, irun lè padà hù láìná kọ́bọ̀ sórí abẹ́rẹ́. Bí wọn kò bá jáwọ́, irun tí wọ́n gbìn pàápàá yóò tún já.

Ewu tó le jù wà nínú abẹ́rẹ́. Lọ́dún 2024, àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn obìnrin kan kó kòkòrò HIV níbi tí wọ́n ti gún irú omi ẹ̀jẹ̀ yìí sí ojú wọn, ní ilé ìṣaralóge kan tí kò níwèé àṣẹ ní New Mexico. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò lórúkọ ẹnikẹ́ni lára ni wọ́n bá níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni padà di ewu nítorí àìmọ́tótó.

Iṣẹ́ dókítà ni èyí, kì í ṣe ti onídìrí. Kí oníbàárà béèrè ìwé àṣẹ HEFAMAA, àjọ tó ń mójú tó ilé ìwòsàn nípìnlẹ̀ Èkó, kí wọ́n sì tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú rẹ̀. Àjọ náà sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àwọn ilé ìṣaralóge kí wọ́n má baà sọ ara wọn di ilé ìwòsàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò yẹ kí ẹni tó ń wá irun lọ kó àrùn bọ̀.