Aṣọ Ìjáde Wa àti Ọwọ́ Tí Yóò Rán An

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí, ẹ̀yin ọmọ Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Atakpamé wá láti ilẹ̀ Tógò, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, àti ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ tí ẹ ti gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń ka abala ìwé wa yìí, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ kí ọjọ́ tó lọ. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, a dìbò pé áńkárá tí a tẹ̀ ní òkè òkun ni kí a rà fún ayẹyẹ ìjáde wa. Ọwọ́ tèmi náà wà lára àwọn ọwọ́ tí ó gòkè ní ọjọ́ náà. Mo wá sọ fún yín nísinsìnyí pé mo ṣe àṣìṣe, mo sì bẹ̀ yín kí a tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò kí akápò wa tó san owó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí ní aláìdúró-lórí-ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ìpàdé náà ni èmi àti akápò jọ lọ sí ọjà. A bèèrè iye tí wọ́n ń ta áńkárá, a sì bèèrè lọ́wọ́ aránṣọ kan iye tí yóò gbà láti rán ẹ̀wù kan. Nígbà tí a jókòó láti ṣe ìṣirò, a rí i pé bí a bá pín owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yóò dá sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta ni yóò bá aṣọ lọ, ẹyọ kan ni yóò kù fún aránṣọ. Nínú ẹyọ kan yìí ni yóò ti ra òwú, bọ́tìnnì àti sípù, nínú rẹ̀ ni yóò ti san owó iná mànàmáná àti owó ìsọ̀, nínú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti jẹun. Akápò wò mí, èmi náà wò ó. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa títí a fi dé ibi tí a ti wọ ọkọ̀.

Èmi kò bá áńkárá jà. Ìyá mi wọ̀ ọ́ títí ó fi dàgbà, òun ni ó fi pọ̀n mí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí ohun tí a ń pè ní tiwa ti ṣẹ̀ wá. Aṣọ àwọn ará Java, tí wọ́n fi ìda ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ni àwọn òyìnbó fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vlisco, tí ó lókìkí jù nínú wọn, ti wà ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Netherlands láti 1846. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ China ni ó ń tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí ó kún ọjà wa, ní owó pọ́ọ́kú. Àwòrán tí a yà sí i lè jẹ́ ìlù wa tàbí igbá wa, owó rẹ̀ kò sùn sí ilé wa.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Niamey kì í ṣe ìlú tí kò mọ oge. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ orúkọ Alphadi? Seidnaly Sidhamed ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní Timbuktu ni a bí i ní 1957, ilẹ̀ Niger ni ó sì ti dàgbà. Ní 1998 ni ó dá àjọ̀dún àrà aṣọ Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní FIMA. Kò ṣe é ní gbọ̀ngàn kankan. Inú aginjù ni ó kó àlejò lọ, sí Tiguidit lẹ́bàá Agadez, ní ọdún kẹta tí ìjọba àti àwọn Tuareg tí ó gbé ohun ìjà jọ fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ẹ wo irú ìgboyà bẹ́ẹ̀: ibi tí ìbọn ti ń dún ní àná ni àwọn ọmọge ti wá ń fi aṣọ yan. Ní 2016, UNESCO fi oyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà dá a lọ́lá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, nígbà tí a fẹ́ ṣe àjọ̀dún kejì ní Niamey níbí, àwọn kan tí ó sọ pé ìhòòhò ni wọ́n fẹ́ fi hàn dìde, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro àti ní Maradi. A ṣe àjọ̀dún náà, ìjọba sì fi òfin de àwọn ẹgbẹ́ kan. Èmi kò fara mọ́ ẹni tí ó ju òkò nítorí aṣọ. Síbẹ̀, bí mo bá ń rántí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ibi tí aṣọ gùn dé àti ibi tí ó kúrú dé kọ́ ni ó yẹ kí a máa jà sí jù. Ìbéèrè tí ó jù ú lọ ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti pa àtùpà àjọ̀dún, tí àwọn oníròyìn ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ, ẹni mélòó ní Niamey ni yóò jí ní ọjọ́ kejì láti máa fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jẹun? Àjọ̀dún náà ní ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ìdíje ṣì nílò ẹni tí yóò ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ẹni náà sì ni àwa.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yí mi lọ́kàn padà. Ẹ mọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí a ṣí ní 1959, tí a ti fi orúkọ Boubou Hama pè. Nínú ọgbà rẹ̀ ni a ti fi àyè sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, alágbẹ̀dẹ, oníṣẹ́ awọ àti ahunṣọ, kí àlejò lè rí iṣẹ́ bí a ti ń ṣe é. Mo dúró ti ahunṣọ kan níbẹ̀ fún bí wákàtí kan. Bí ó ti ń ta ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ okùn, ó dà bí ẹni pé mo wà ní Ìsẹ́yìn. Òfì wa náà ni! Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ lọ, tí a ó fi abẹ́rẹ́ so ọ̀kan mọ́ èkejì títí yóò fi di odindi aṣọ. Àwọn Songhay àti Zarma ń pe èyí tí ó gbayì jù nínú tiwọn ní téra-téra, nítorí ìlú Téra ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí. Pupa, dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń ṣọnà sí i, ó sì wà lára ẹrù tí a fi ń gbé ìyàwó. Ahunṣọ náà bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ń kọ́. Mo ní iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun méjèèjì ti lọ sí ilé ìwé, nítorí náà wọn kò lè hun aṣọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju bí mo ti lè sọ lọ. Àbí kì í ṣe àwa olùkọ́ ni a ń sọ fún ọmọ tí kò bá mọ ìwé pé kí ó lọ kọ́ aṣọ rírán? A sọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ di ìjìyà fún olódo. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ aránṣọ kan, bàbá tí kò wọ ilé ìwé rí. Obìnrin kan fẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tí yóò tàn roboto bí agboòrùn nígbà tí ó bá ń yí. Bàbá fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, ó jẹ́ 66. Ó pín in sí mẹ́fà, ó rí 11. Ó yọ ìdajì kan kúrò, ó ku mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ó fi ìwọ̀n yìí sàmì sí igun aṣọ tí ó ká sí mẹ́rin, ó yí ṣọ́ọ̀kì ká, ó gé e. Nígbà tí mo padà sí yàrá, mo fi ìlọ́po méjì páì pín 66, mo sì rí 10.5. Ohun tí ó gbà wá ní odidi sáà kan láti kọ́ ni bàbá yìí ń ṣe láàárín kí àlùmọ́gàjí ṣí kí ó tó pa dé. Bí mo bá di olùkọ́ ìṣirò ní ọjọ́ iwájú, láti ìdí síkẹ́ẹ̀tì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé aṣọ ìbílẹ̀ kò bá ayé òde òní mu. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ ràn mí lọ́wọ́ láti dá wọn lóhùn. Ní nǹkan bí 1960 ni Ìyáàfin Shade Thomas-Fahm ti Lọ́ńdọ̀nù dé, níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ó ṣí ìsọ̀ sí Èkó, ó sì dá ibi ìránṣọ sílẹ̀ ní Yábàá. Ìró tí obìnrin ń ró, tí ó ń tú, tí ó tún ń ró, ni ó fi sípù sí. Gèlè tí ń gba àsìkò níwájú dígí ni ó wé sílẹ̀ kí a kàn gbé e dé bí fìlà. Kò sọ òfì àti àdìrẹ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́jú wọn sínú àpótí bí ohun àdáyébá. Ó gé wọn ní ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ obìnrin lè wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Ní Burkina Faso, ní àwọn ọdún 1980, Thomas Sankara ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ faso dan fani, aṣọ tí a hun nílé. A gbọ́ pé àwọn kan kùn nígbà náà. Lónìí, ẹ̀yin ọmọ Burkina tí ó wà láàárín wa kì í fi wọ́ ilẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn yóò ní kí a fi ọ̀rọ̀ ahunṣọ sílẹ̀, pé ilé iṣẹ́ ńlá ni ó lè fi aṣọ wọ ogunlọ́gọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò jiyàn. Niamey ní ilé iṣẹ́ aṣọ tirẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960. Ó jẹ́ NITEX, ó di SONITEXTIL, ó tún di ENITEX, àwọn ará China sì wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n yíyí orúkọ padà kò lé aṣọ olówó pọ́ọ́kú kúrò lọ́jà. Kaduna bẹ̀rẹ̀ híhun aṣọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ní 1957; ní 2007, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì lọ sílé. Àìsí iná tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé àti aṣọ fàyàwọ́ ni ó pa wọ́n. Èyí tí ó ń fún mi ní ìrètí ni ti Benin, níbi tí a ti dá ọgbà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Glo-Djigbé lẹ́bàá Cotonou, tí wọ́n sì ti ń sọ òwú ilẹ̀ náà di aṣọ rírán, dípò kí wọ́n máa dì í sínú ọkọ̀ ojú omi bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó ń rán apá ẹ̀wù láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ilé iṣẹ́ lè má mọ bí a ti ń gé ọrùn. A nílò ilé iṣẹ́, a sì nílò ọ̀gá aránṣọ. Ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì.

Ẹ má sì gbàgbé 2023. Nígbà tí ìjọba yí padà ní ilẹ̀ yìí tí ọ̀nà Benin sì dí, ẹrù tí ó yẹ kí ó ti Cotonou wá ní tààrà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Lomé gba Burkina Faso, lójú ọ̀nà tí ẹ̀rù ń bani. Àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ mọ ohun tí ojú wọn rí. Ahunṣọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò dúró de ẹnubodè kankan kí ó tó ta ọ̀kọ̀ rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé kò sí ìṣòro. Téra-téra wọ́n, ó sì wúwo. Ẹni tí ó bá fi odindi rẹ̀ rán agbádá láti wọ̀ ní oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Niamey ń kọjá 40, òógùn ni yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn aránṣọ wa náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ní ọdún Iléyá èṣí, ọ̀kan nínú wọn gba aṣọ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó búra pé yóò parí; ní àárọ̀ ọdún, mo bá ẹ̀wù náà láìní apá, òun pàápàá sì ti wọ aṣọ tuntun lọ kírun. Mo bínú títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Síbẹ̀, ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwé àdéhùn àti san-díẹ̀-kí-iṣẹ́-tó-parí ni oògùn irú aránṣọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a ra aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ara ẹ̀wù, kí a sì ra ìlà téra-téra kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí a ó rán mọ́ ọrùn àti etí ọwọ́, kí ó sì yí fìlà ọkùnrin àti gèlè obìnrin ká. Kí a pín iṣẹ́ náà fún aránṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a wọn gbogbo wa ní oṣù méjì ṣáájú, kí a sì fún wọn ní owó iṣẹ́ tí ó tó owó iṣẹ́. Akápò ti bá mi ṣírò rẹ̀: kò ju iye tí a ti fẹ́ dá tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò dúró ní ọwọ́ àwọn tí ó hun ún àti àwọn tí ó rán an.

Ìpàdé wa tún di ọjọ́ Ọjọ́rú tí ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ahunṣọ náà ti yá mi ní ìlà kan. Yóò wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.