Ta Ni Yóò San Owó Ìtọ́jú Ẹni Tí Ó Ṣubú Ní Ìsọ̀ Wa?

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí Ẹgbẹ́ wa gbé yẹ̀wò, nítorí ó lè tú òwò ẹni ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí oníbàárà bá wọ ìsọ̀ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, tí ó ṣubú, tí eegun rẹ̀ sì ṣẹ́, ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé, "Èmi kọ́ ni mo tì í." Àwọn mìíràn a ní kádàrá rẹ̀ ni. Èmi kò bá wọn gbà. Kádàrá kọ́ ni ó da epo sí ẹnu ọ̀nà. Kádàrá kọ́ ni ó tẹ́ pákó jíjẹrà sórí gọ́tà. Àwa ni a pe oníbàárà pé kí ó wá rajà, ẹni tí a sì pè wọlé, àlejò wa ni.

Òfin pàápàá kò gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1866, ilé ẹjọ́ ní London gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ṣúgà, tí ó já sínú ihò tí a kò fi nǹkan kan yí ká. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ó bá wá nítorí ọ̀ràn òwò, ẹni tí ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ewu tí òun mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí òun mọ̀. Irú òfin yìí ni Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé Abuja níbí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Obìnrin kan tẹ yógọ́ọ̀tì tí ó dà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Tesco ní Smethwick, nítòsí Birmingham, ó sì ṣubú. Tesco ní àwọn ń gbálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi hàn pé àwọn ti ṣe ohun tí ó yẹ kí obìnrin náà tó ṣubú. Ní 1976, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta dá a láre. Ẹjọ́ yìí kò de adájọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Òfin kò ní gbogbo ẹni tí ó ṣubú ni yóò jàre wa. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé: kí ni ìwọ ṣe kí ó má baà ṣubú?

Ẹnìkan lè wí pé olówó ni Tesco, ìsọ̀ tèmi kéré. Ìsọ̀ tí ó kéré ni ó rọrùn láti mójú tó! Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ti ìsọ̀, bí a kò bá nu omi náà, oníbàárà ni yóò tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù, àwọn ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi nìyẹn. Rárá o. Ọmọ Yorùbá a máa kí ẹni tí ó kọsẹ̀ lójú títì pé pẹ̀lẹ́, kì í ṣe pé òun ni ó gbé òkúta síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ́jú ènìyàn, kí a tó máa wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí olúkúlùkù tẹ́ àpò sí ẹnu ọ̀nà nígbà òjò, kí ó nu epo lójú ẹsẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ pákó gọ́tà. Bí àtẹ̀gùn bá bàjẹ́, kí a kọ̀wé sí onílé, kí a sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, kí a kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ àwọn tí ó rí i sílẹ̀, kí a sì mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ẹgbẹ́ kí ó tó di ti lọ́yà.

Ẹ má gbàgbé pé àwọn Gbagyi ni a bá lórí ilẹ̀ yìí. Bí ọ̀kan nínú wa bá fi oníbàárà sílẹ̀ nínú ìrora, wọn kò ní dárúkọ ẹni náà. "Àwọn Yorùbá" ni wọn yóò sọ.