Ẹ Má Dá Ra Wáráńtì Máṣíìnì, Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Kà Á

Ẹ̀yin ọlọ́kadà ilẹ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ná Ìbàdàn sí Mọ́níyà, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn tí ẹ ń gbé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo jáde láti oko tí mọ́tò kò lè wọ̀, ẹ̀yin ni mo ń pè. Mo ń pe ẹ̀yin òbí náà, tí ẹ kó owó àjọ láti ra máṣíìnì fún ọmọ yín kó lè máa rí oúnjẹ òòjọ́. Máṣíìnì tuntun kì í ṣe ohun olówó kékeré. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ná an tán, tí owó ti wà lórí tábìlì, ìgbà yẹn ni òǹtajà máa ń sọ pé kí ẹ fi díẹ̀ kún un, kí òun bá yín fi ọdún kan sí i lórí wáráńtì. Níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti dá ọwọ́ dúró.

Mi ò ní kí ẹ má rà á o. Wáráńtì àfikún tó dáa lè gba ọlọ́kadà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan rà á mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ra ti ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó bá yà sí. Kí páàkì kọ̀ọ̀kan gba ìwé wáráńtì lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ kà á sókè ní Yorùbá létí ara yín, kí ẹ tó wá fi ohùn kan ná an.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ọlọ́kadà ti ń ṣòfò jù. Òdiwọ̀n méjì ló sábà máa ń wà nínú ìwé wáráńtì: iye oṣù àti iye kìlómítà. Ká ní ìwé kan sọ pé oṣù 12 tàbí 12,000 kìlómítà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Tíṣà tó ń gun tirẹ̀ lọ sílé ìwé tó sì ń gùn ún bọ̀ lè má rìn ju kìlómítà 15 lọ lóòjọ́. Ọdún rẹ̀ á yípo kí ìrìn rẹ̀ tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde láago mẹ́fà àárọ̀, tí kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, ká ní kìlómítà 100 ló ń rìn lójúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, 2,600 kìlómítà nìyẹn. Kí oṣù márùn-ún tó pé, ó ti kọjá 12,000. Wáráńtì tí wọ́n pè ní ọdún kan ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀, nítorí oṣù ló ń kà.

Wàyí o, bí wọ́n bá ta ọdún kejì fún ẹni yìí láìfi kìlómítà kankan kún un, kí ló rà? Kò ra nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìbéèrè tí ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi òǹtajà ni pé, "Kìlómítà mélòó lẹ fi kún un?" Bí kò bá lè dáhùn, tàbí tó ń dáhùn pẹ̀lú oṣù, ẹ mú owó yín kúrò lórí tábìlì, kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ tún bi í pé ọjọ́ wo ni àfikún náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń ka tiwọn láti ọjọ́ tí ẹ ra máṣíìnì, nígbà tí wáráńtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Owó ohun tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ ń san nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń já okùn sìpídómítà kí máṣíìnì má bàa dà bí èyí tó ti rìn jìnnà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ so ó padà. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò nìyẹn, okùn jíjá sì ti tó fún wọn láti lé yín padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jinlẹ̀ ju ti kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì àfikún, kárí ayé, ló ní gbólóhùn kan nínú tó sọ pé àwọn kò ní dúró fún ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ń gbé èrò tàbí ẹrù gba owó. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òǹtajà rí fẹ́ẹ̀sì ọ̀kadà lọ́rùn ènìyàn, ó mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi máṣíìnì ṣe, ó tún gba owó wáráńtì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìwé tó ti yọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Inú mi máa ń bàjẹ́ sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó nílò ààbò jù ni wọ́n ta òfìfo fún. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́kadà fi ṣe òfin pé àwọn kò ní ra ìwé kankan tí kò bá kọ ọ́ ní gbangba pé ó dúró fún máṣíìnì tó ń ṣiṣẹ́ owó. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ní ti ohun tí wáráńtì ń tún ṣe, tàyà, ṣéènì, páàdì bírèkì, gílóòbù, pílọ́ọ̀gì àti pílétì kìlọ́ọ̀ṣì kì í sí níbẹ̀, nítorí wọ́n kà wọ́n sí ohun tí ìlò ń jẹ. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni owó ọlọ́kadà ń bá lọ lóṣooṣù. Ohun tó kù ni inú ẹ́ńjìnnì àti gíà, bí àbùkù bá wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá jí máṣíìnì gbé, tàbí tí mọ́tò kọlù ú, wáráńtì kò bá a tan, ìnṣọ́ránsì ló ni ìyẹn.

Ta ló máa tún un ṣe, níbo sì ni? Wọ́n á ní kí ẹ máa gbé e wá fún sáfíìsì ní ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, kí wọ́n máa fi òǹtẹ̀ lu ìwé sáfíìsì. Ẹni tó ń gbé Ṣakí, tí ibi tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ Ìbàdàn, yóò pàdánù iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan àti owó epo ní gbogbo ìgbà tí ọ́ìlì bá tó yí. Bó bá ní kí mẹ́káníìkì àdúgbò yí i, wọ́n á ní ó ti ba wáráńtì jẹ́. Kí àwọn ará Òkè-Ògùn sọ fún òǹtajà pé kó fọwọ́ sí mẹ́káníìkì kan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má retí owó wáráńtì láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọlọ́kadà kan ṣoṣo kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n gbọ́. Ogójì ọlọ́kadà tó fẹ́ ra máṣíìnì lọ́dún kan náà lè sọ ọ́.

Àwọn tó ti la irú èyí kọjá wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss ti wà láti 1975. Ó kọ̀ fún ilé iṣẹ́ láti sọ pé wáráńtì oníbàárà ti bàjẹ́ kìkì nítorí pé ó lo ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Síbẹ̀, ní oṣù June 2022, àjọ FTC, tó ń gbèjà oníbàárà fún ìjọba Amẹ́ríkà, fi ẹ̀sùn kan Harley-Davidson, ilé iṣẹ́ alùpùpù tí gbogbo ayé mọ̀, lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì sọ fún àwọn oníbàárà wọn. Ní July 2024, àjọ kan náà mú CarShield, tó ń ta irú ìwé àtúnṣe yìí fún ọlọ́kọ̀, lórí ìpolówó tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là. Bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè kọ ohun tí òfin kò fẹ́ sínú ìwé, kí ló dé tí a ó fi máa fọwọ́ sí tiwa láìkà á?

Àwa náà ní òfin. Láti ìgbà tí òfin ààbò oníbàárà tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti 2018 ti jáde, oníbàárà ní Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gba àlàyé ní èdè tó rọrùn tó sì yé e, ó ní ẹ̀tọ́ sí rìsíìtì, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tí kò ní àbùkù. Òfin yẹn tún fi wáráńtì kan sórí ọjà fúnra rẹ̀, tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹni tó ṣe é, ẹni tó kó o wọlé, ẹni tó pín in àti ẹni tó tà á fún yín ló jọ dúró fún un pé ọjà náà péye. Òǹtajà tó bá ń sọ pé ẹ kò ní ẹ̀tọ́ kankan àfi tí ẹ bá ra àfikún, kò sọ òótọ́ fún yín. Àjọ FCCPC ló ń rí sí òfin yìí, ẹ má sì rò pé eyín rẹ̀ kò mú. Òun ló bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé ilé iṣẹ́ Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ní July 2024.

Lójú tèmi, bí òfin bá sọ pé èdè tó yé oníbàárà, Yorùbá ni èdè yẹn fún ìyá tó ń ta gààrí ní Òkèhò kó lè ra máṣíìnì fún ọmọ rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé wáráńtì ní Yorùbá. Bí wọ́n bá ní kò sí, kí ọmọ tó wà nílé ìwé gíga nínú yín túmọ̀ rẹ̀, kí òǹtajà sì jókòó tì í nígbà tí ó ń kà á, kó lè dáhùn ohun tí ẹ bá bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun máṣíìnì háyà-pọ́ṣéèsì, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbé e fún yín ló wà lórí ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé wà, ṣùgbọ́n àpò yín ni owó àtúnṣe ti ń jáde. Oníṣẹ́ kan lè máa sanwó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì tí wáráńtì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, torí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba máṣíìnì. Ẹ béèrè bóyá wáráńtì lè kọjá sí orúkọ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá san án tán. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e fún wọn, ẹ má fi ìwé náà sí àpótí. Máṣíìnì tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mú owó yín wọlé.

Kí ẹ tó gbà láti san iye tí wọ́n dá lé e, ẹ bi mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n iye tí yóò gbà láti ṣí ẹ́ńjìnnì máṣíìnì bẹ́ẹ̀, kó pààrọ̀ píṣítìn àti ríǹgì, kó sì tì í padà. Bí owó wáráńtì bá sún mọ́ iye yẹn, kò bójú mu. Ọ̀nà kejì wà tí ó yẹ kí ẹ fi wé e. Bí ènìyàn 30 ní páàkì kan bá ń dá 500 náírà lọ́sẹ̀ fún àtúnṣe ẹ́ńjìnnì nìkan, 15,000 náírà ni lọ́sẹ̀, 780,000 náírà sì ni lọ́dún. Owó yín ni, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ kò ní dúró de ìwé láti Èkó. Bí ọdún bá sì parí tí ẹ́ńjìnnì kankan kò kọṣẹ́, ẹ máa pín in padà ni. Àwọn baba wa ti ń dá èésú kí ẹnikẹ́ni tó mú wáráńtì dé. Mi ò ní kí gbogbo páàkì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àjọ nílò olóòótọ́ tí yóò máa kó o. Ṣùgbọ́n kí ó wà lórí tábìlì pẹ̀lú ìwé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta yẹn, kí ẹ fi wé ara wọn.

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀dínwó náà kò kọjá òní. Ẹ má gbà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ààyè ríra àfikún máa tì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: ṣé ilé iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì ni, àbí ṣọ́ọ̀bù, àbí ilé iṣẹ́ kẹta kan tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Bí ṣọ́ọ̀bù nìkan ló dúró, tí ṣọ́ọ̀bù sì ti ìlẹ̀kùn lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn ti di bébà lásán. Ẹ wá àdírẹ́sì, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti òǹtẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ mẹ́káníìkì, kí ọ̀kan mọ̀wé, kí ìkẹta jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lórí ọ̀kadà. Ẹ rán wọn sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, kí wọ́n gba ìwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ láti fún wọn sílẹ̀, kí páàkì mìíràn lè mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá gba owó wáráńtì tí kò mú àdéhùn ṣẹ, ẹ kọ ẹjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC pẹ̀lú rìsíìtì àti ẹ̀dà ìwé, lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá sì ti ní ìwé wáráńtì nílé báyìí, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a fi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíkà.