Pelini: Ṣé kóòṣì ló jẹ̀bi ni, àbí ẹni tó gbà á síṣẹ́?
Awuyewuye ò tíì tán lórí Bo Pelini, kóòṣì tí yunifásítì LSU ní ìpínlẹ̀ Louisiana, l'Amẹ́ríkà, gbà lọ́dún 2020 pé kó máa darí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dènà alátakò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré ni o, kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ni, Dave Aranda tó wà nídìí iṣẹ́ náà sì ti lọ sí Baylor. Wọ́n rántí pé Pelini ti ṣe é fún wọn rí, láti 2005 sí 2007, ó sì dáa lọ́wọ́ rẹ̀. Ni wọ́n bá bá a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ta, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ́dún. Eré àkọ́kọ́ pàá, ẹnì kan ṣoṣo ní Mississippi State fi jíju bọ́ọ̀lù gba yáàdì 623 lọ́wọ́ wọn! Kí ọdún tó parí, wọ́n ní kó máa lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ni wọ́n sì fi tú àdéhùn náà ká.

Àwọn kan ní kò jẹ̀bi, pé ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì ti kúrò nínú ẹgbẹ́, Kòrónà ò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè gbára dì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iṣẹ́ tó ti lé lọ́dún méjìlá? LSU rówó san. Oníṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ pe máníjà rẹ̀ àtijọ́ padà, kó kọ oṣù mẹ́ta ìdánwò sínú ìwé kó tó dárúkọ owó ọdún kan.