Owó Onílù Tí A Kò San

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn akọrin wa tí wọ́n ń fi owó ara wọn gbé orin jáde. Wọ́n ti pọ̀ láàárín wa ní Ìgbàyè, ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, inú mi sì ń dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tí mò ń ṣe olùṣọ́ rẹ̀ gbé síídì kan jáde. A kó owó jọ, a san owó sítúdíò, a san ti ẹni tó ya àwòrán iwájú rẹ̀. Bàbá kan wà tó ń lu gángan fún wa. Òru mẹ́rin ni wọ́n fi bá wa ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n béèrè owó wọn, èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn pé, "Bàbá, iṣẹ́ Olúwa ni, Olúwa ni yóò san án fún yín." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí wọ́n tó yà sílé mi. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, mo gbọ́ ìlù mi nínú rédíò mọ́tò tí mo wọ̀ bọ̀ láti Ìkìrun. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé èmi ni mo lù ú. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, n kò ní owó tí n ó fún ọlọ́kadà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé." Wọn kò bú mi, wọn kò sì béèrè nǹkan kan. Ojú tì mí. Sítúdíò rí owó tirẹ̀ gbà nítorí pé kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò san. Bàbá kò rí gbà nítorí pé wọ́n gbà wá gbọ́.

Láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń náwó sí orin, òun náà ló sì ń kó èrè. Àwọn olórin ráhùn títí. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà ará Ìjẹ̀bú-Igbó, àti I. K. Dáíró tí wọ́n bí ní Ọ̀fà, nítòsí wa níhìn-ín, jọ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. King Sunny Adé náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Lónìí ẹ̀wẹ̀, ọ̀dọ́ tó ní fóònù àti owó díẹ̀ lè gbé orin rẹ̀ sórí YouTube tàbí Audiomack láìdọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò lábẹ́ ọ̀gá ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀. Owó onílù àti ti elégbè, ọrùn rẹ̀ ló wà báyìí. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji, ni àwọn baba wa ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ sá kúrò lóòrùn, ẹ má fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Èkíní, ẹ bá onílù, onígìtá àti àwọn elégbè dúnàádúrà kí ẹ tó wọ sítúdíò. Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ni, ẹ san án, orin náà ì báà tà, ì báà má tà. Onílù kò bá yín dòwò pọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ jọ fẹ́ pín èrè ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí oníkálukú fọwọ́ sí i. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń wọ̀. Kí onítọ̀hún máa ṣí ìwé ìṣirò han àwọn yòókù.

Èkejì, ẹ wádìí ẹni tó ni orin. "Ẹ̀mí ló fún mi" kò tó, nígbà tí gbogbo wa mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Òfin Kópíráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tó ṣe orin ló ni ín jálẹ̀ ayé rẹ̀, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin arábìnrin tó wà láàyè ní ìjọ kejì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀tọ́ orin gbọ́dọ̀ gbà á nínú ìwé. Àdéhùn ẹnu kò tó.

Mo mọ ohun tí àwọn akọrin yóò sọ: "Pásítọ̀, àwa náà kò jèrè." Òótọ́ ni. Orin tí wọ́n fi owó tí wọ́n yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe, àwọn ọmọ wa ti ń dà á sínú mẹ́mọ́rì káàdì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa pásítọ̀ náà ń pè wọ́n wá sí ìsọjí, àdúrà nìkan la sì fi ń sìn wọ́n lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa nìyẹn, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tiwa kò sọ tiyín di òdodo. Ẹ lọ ka Jákọ́bù orí karùn-ún, ẹsẹ kẹrin, kí ẹ rí ibi tí igbe owó òṣìṣẹ́ ń dé.

Ní ti bàbá onígángan, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn àgbà ìjọ. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. A san án, ẹ̀ẹ̀mejì la fi san án tán. Bàbá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pààrọ̀ awọ ìlù wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún wa, àdúrà tí kò tọ́ sí wa. Kí ìkórè tó dé, kí ẹgbẹ́ akọrin kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ léèrè pé: ta ni a jẹ lówó? Kí Olúwa fún wa lọ́kàn láti san án. Àmín.